Rọ́bà dúdú ara mọ́tò mi ti funfun, kí ni kí n fi pa á?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. CR-V ọdún 2004 ni mo ń wà, Adó-Èkìtì níbí ni mo ń gbé. Nígbà tí mo rà á ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bọ́ńpà rẹ̀ àti rọ́bà tó yí òkè táyà ká dúdú minimini. Ní báyìí ó ti funfun bí ìgbà tí wọ́n da eérú sí i. Àwọn ọmọ tó ń bá mi fọ mọ́tò máa ń fi ọ́ìlì àti kẹrosíìnì pa á. Á dán lọ́jọ́ náà, òjò kan ṣoṣo ló sì máa fọ gbogbo ẹ̀ dànù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi iná rà á. Òmíràn ní kí n fín in lọ́dà kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

* * *

Má tíì gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn, àbúrò mi. Kọ́kọ́ bu omi, dà á síbi tó funfun jù, kí o sì dúró wò ó. Bí ibẹ̀ bá dúdú nígbà tó tutù, tó tún ń funfun padà bó ṣe ń gbẹ, tó sì kárí ojú ike náà, oòrùn ló jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ etí ibi tí ike náà ti pàdé ọ̀dà nìkan ló funfun, tó rí bí ilà tàbí bí ìgbà tí ìka kan ta lé e, kì í ṣe oòrùn. Póólíìṣì tí wọ́n fi ń ra ara mọ́tò ló ta sí i, tó gbẹ sínú àwọn kòtò wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí o ò lò mọ́ ti tó fún ìyẹn. Mo ti bá ẹnì kan pàdé tó ti ń wá owó bọ́ńpà tuntun kiri, àbàwọ́n póólíìṣì lásán ló wà lára mọ́tò rẹ̀.

Ohun kan tún wà lórí orúkọ. Rọ́bà ni gbogbo wa ń pè é, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ike ni. Bí ẹ bá tú bọ́ńpà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí i pé wọ́n tẹ lẹ́tà mọ́ ọn lára: PP, tàbí PP+EPDM. EPDM jẹ́ irú rọ́bà kan tí wọ́n pò mọ́ ọn. PP yẹn ni polypropylene, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú àga ike tí a ń tò síbi ìnáwó. Ẹ sì mọ bí àga ike ṣe ń rí tó bá ti pẹ́ lójú oòrùn. Ẹ fọwọ́ rà á, ẹfun á mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ jókòó lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á kán. Ohun tó ń ṣe àga yẹn náà ló ń ṣe bọ́ńpà yín. Rọ́bà gidi ni èyí tó wà létí ilẹ̀kùn àti létí gíláàsì. Mo máa padà sórí ìyàtọ̀ yìí, nítorí ó ti ná èmi gan-an lówó.

* * *

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òróró inú ike ló gbẹ, pé tí a bá fi òróró mìíràn rọ́pò rẹ̀, ó parí. Èrò yẹn ló ń ṣì wá lọ́nà.

Ẹ rò ó pé ike jẹ́ okùn tín-tìn-tín, gígùn, tó lọ́ mọ́ra wọn. Ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí ojú wa ò lè rí, tí wọ́n ń pè ní UV. Ó lágbára tó láti já àwọn okùn yẹn. Bí wọ́n bá ti já, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á wọlé sójú ibi tó já, á sì máa bá ìjà náà lọ. Nígbà tó bá pẹ́, ojú ike á sán wẹ́wẹ́. Ẹ ò ní rí sísán náà, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e á fọ́n ká, fífọ́nká yẹn ni ojú wa sì ń rí bíi funfun.

Dúdú tó wà nínú ike náà kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Epo ni wọ́n ń jó níbi tí atẹ́gùn ò ti tó kí wọ́n tó rí i, bíi dúdú tó ń mọ́ ìdí ìkòkò wa lórí ààrò. Ó máa ń gba UV mọ́ra kí ó má baà wọlé jìnnà. Wọ́n tún ń po àwọn kẹ́míkà mìíràn mọ́ ọn nílé iṣẹ́ láti dènà oòrùn, àwọn yẹn sì ń tán díẹ̀díẹ̀. Bí mọ́tò tòkunbọ̀ bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ó lè ti lo ọdún mẹ́wàá lójú oòrùn ibòmíràn kó tó wá bá tiwa.

Ẹ wo ẹsẹ̀ ọmọdé nígbà ọyẹ́. Á funfun, á máa sán. Ẹ fi ìpara pa á, funfun náà á lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ìpara ti dí àwọn ojú sísán yẹn, ìmọ́lẹ̀ ò sì fọ́n ká mọ́. Ohun tí òróró ń ṣe lójú ike gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ń yọ awọ tuntun lábẹ́ èyí tó gbẹ. Ike kì í yọ awọ. Ojú tó bá ti sán, ó ti sán náà nìyẹn, ẹ ò sì lè fi ìpara wò ó sàn.

* * *

Bàbá kan ní Ìkọ̀lé ò gbà fún mi rárá. Wọ́n ní àdín làwọn ń fi pa bọ́ńpà àwọn láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì funfun. Ẹlòmíràn ní òróró ẹ̀pà ni. Ẹlòmíràn ní fasilíìnì. Ìyá kan láti Ìjerò ní póólíìṣì bàtà ló dára jù nítorí ó ní dúdú tirẹ̀.

Bàbá, mo gbà pé bọ́ńpà yín dúdú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi yín léèrè ibi tí mọ́tò ń sùn, ẹ ní abẹ́ páànù ni, pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lẹ fi ń gbé e lọ sóko. Páànù ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, sà. Àdín ló ń gba ọpẹ́.

Òróró tí a ń jẹ kì í dúró bó ṣe wà. Bí afẹ́fẹ́ àti oòrùn bá ti bá a fún ìgbà díẹ̀, á máa lẹ̀ pẹ́típẹ́tí. Eruku pupa ìlú wa á wá jókòó lé e, á gan mọ́ ọn, ẹ ó sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì ha ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín pa. Fasilíìnì sàn díẹ̀ nítorí kì í gan bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò ní ohun tó ń dènà oòrùn nínú, ọ̀sán gbígbóná sì ń yọ́ ọ ṣàn lọ sílẹ̀. Ní ti póólíìṣì bàtà, lóòótọ́ ó ní dúdú. Ìyàwó mi fi léèsì funfun ra ẹ̀gbẹ́ mọ́tò wa níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní àárọ̀ Sunday kan, ilà dúdú náà ò kúrò lára aṣọ yẹn di òní. Láti ọjọ́ náà, n kì í fi ohunkóhun tó ń ràn mọ́ aṣọ pa mọ́tò.

* * *

Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ḿ àti kẹrosíìnì ni mo fẹ́ dúró lé lórí dáadáa, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, òun ló sì ń bà á jẹ́ jù.

Odidi ọdún méjì ni mo fi jẹ́ kí wọ́n máa fi pa tèmi. Bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ tán, wọ́n á ki àkísà bọ inú gálọ́ọ̀nù, wọ́n á fi nu bọ́ńpà, wọ́n á nu etí ilẹ̀kùn, wọ́n á nu etí gíláàsì, gbogbo ohun tó bá ṣáà ti dúdú. Inú mi ń dùn. Nígbà tó di àkókò òjò ọdún kejì, mo rí i pé rọ́bà etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti wú, ó ti rọ̀ bí fùfú, kò sì bá irin mu mọ́. Òjò ń wọlé. Kápẹ́ẹ̀tì tutù fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó mọ ibi tó ti ń wọlé, inú mọ́tò sì ń rùn. Owó tí mo fi pààrọ̀ rọ́bà ilẹ̀kùn mẹ́rin, ó dùn mí.

Mẹkáníìkì tó bá mi pààrọ̀ rẹ̀ ló là mí lóye. EPDM ni wọ́n fi ń ṣe rọ́bà etí ilẹ̀kùn, EPDM kì í sì bá epo inú ilẹ̀ ṣọ̀rẹ́: ọ́ìlì, kẹrosíìnì, dísẹ̀lì, gbogbo wọn ló ń mu, tó ń wú. Omi àti oòrùn ló mọ̀ ọ́n bá jà. Ẹ wá rántí pé ẹ̀yìn bọ́ńpà míì, PP+EPDM ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ohun kan náà wà nínú òun náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn máa ki ọwọ́ lásán bọ ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò. Bó bá ń kan awọ ara lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n.

* * *

Ẹnì kan bi mí pé èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò, tí wọ́n ń fín sí dáṣíbọ́ọ̀dù àti táyà, ńkọ́? Ó sàn ju kẹrosíìnì lọ. Silicone ló pọ̀ nínú irú wọn. Ó ń dán, kì í sì wú rọ́bà ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ ka ara ìgò náà. Bí wọn ò bá kọ ọ́ pé ó ń dènà UV, dídán lásán lẹ rà.

Wàhálà rẹ̀ mìíràn kì í hàn títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fín ọ̀dà. Mo lo ọlidé méjì lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi tó ń fín mọ́tò ní Ajílọ́sun, mo sì rí i bí wọ́n ṣe ń bínú sí silicone. Bí díẹ̀ bá wà lójú ibi tí wọ́n fẹ́ fín, ọ̀dà á máa sá kúrò lórí rẹ̀, á lu ihò róbótó-róbótó bí ojú ẹja. Wọ́n á nù ún kúrò, wọ́n á tún un fín, ihò á tún yọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa fín bọ́ńpà lọ́jọ́ iwájú, kó yàgò fún un láti òní.

* * *

Iná wá kàn.

N ò ní purọ́, ó ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná kọjá lórí ike tó funfun, dúdú á máa tẹ̀lé ọwọ́ wọn. Wọ́n á ní òróró inú rẹ̀ ló ń jáde. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ojú ike ló yọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, àwọn sísán náà sì pa dé. Ohun tó ń dènà oòrùn tó ti tán nínú rẹ̀ ò padà wá, nítorí náà funfun á tún dé. Bí wọ́n bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ike á gan.

Nǹkan bí 160°C ni PP ń yọ́. Ẹ̀rọ atẹ́gùn gbígbóná kọjá ìyẹn dáadáa. Iná gáàsì wá kọjá rẹ̀ fíìfíì. Mo dúró ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìkẹ́rẹ́ tó lo irú iná tí wọ́n fi ń jó irun ewúrẹ́. Ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn máa fi kí ẹnì kan ni ó gbójú kúrò níbẹ̀. Ike òkè táyà ti wọ́ sílẹ̀, ihò kílíìpù ti fẹ̀, ọ̀dà fẹ́ńdà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti yọ ìléròrò. Fẹ́ńdà yẹn ò níṣòro kankan tẹ́lẹ̀. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi iná kan ike mọ́tò rẹ̀.

* * *

Ọ̀dà ńkọ́? Ọ̀dà dára bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ṣe é. Ike PP kì í fẹ́ gba ohunkóhun mọ́ra. Ọ̀dà ń sá lórí rẹ̀ bí omi ṣe ń sá lórí ewé kókò. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á fọ̀ ọ́, á fi tínà tó yẹ nù ún, á fi sáńpépà ha ojú rẹ̀, á wá fín àlẹ̀mọ́ tí wọ́n ṣe fún ike kí ọ̀dà tó tẹ̀lé e. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ra ọ̀dà dúdú inú agolo, á fín in lé e bẹ́ẹ̀. Òjò méjì, òkúta ọ̀nà mẹ́ta, á máa ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Èyí tó ń ṣí yẹn burú ju funfun lọ, nítorí ẹ ní láti ha gbogbo rẹ̀ kúrò kí ẹ tó lè ṣe nǹkan mìíràn.

Ohun kan tí àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ọ̀dà kì í sọ ni pé àwọn kòtò wẹ́wẹ́ tó mú kí ike náà rí bí awọ, ọ̀dà máa ń dí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kó rí bó ṣe rí láti ilé iṣẹ́ ò ní fẹ́ràn rẹ̀.

* * *

Bàbá kan ní nígbà ayé Peugeot 504, tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti ọdún 1975, ta ló ń sọ̀rọ̀ bọ́ńpà tó funfun? Òótọ́ ni, irin ni bọ́ńpà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìpẹtà rẹ̀. Ẹ rántí bó ṣe wúwo. Ọdún 1954 ni Giulio Natta, ará Italy, ṣe polypropylene tó ṣeé lò yìí, òun àti Karl Ziegler ará Jámánì sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963 lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wá láti ibẹ̀ fúyẹ́, kì í pẹtà, bí ẹ bá sì rọra kọ lu ògiri, ó sábà máa ń padà sípò. Oòrùn nìkan ni ọ̀tá rẹ̀ tó le jù. Èmi yóò yan ọ̀tá kan yẹn.

* * *

Ibi tí a ń gbé mọ́tò sí lọ̀rọ̀ wà.

Ohun kan tí mo ṣàkíyèsí nílé wa ni pé bọ́ńpà ẹ̀yìn tèmi funfun ju ti iwájú lọ, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí mo ṣe ń gbé e sílẹ̀ ni. Iwájú rẹ̀ ń kọ sí ọ̀nà Ìwọ̀rọ̀kọ̀, ìdí rẹ̀ ń kọ sí ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, tó jẹ́ gúúsù. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń dé gongo orí wa ní Adó, nínú oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò ò sí, oòrùn máa ń fì sí gúúsù. Gbogbo ọ̀sán oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, ìdí mọ́tò mi ló ń jẹ ẹ́. Ní báyìí mo ń yí i padà lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ohun tó bá tẹ́jú sókè ló ń kọ́kọ́ lọ: ike ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú níbi tí wáípà jókòó sí, irin àti ike orí òrùlé, orí dígí ẹ̀gbẹ́. Èyí tó dúró ṣánṣán lára ilẹ̀kùn ń pẹ́.

Abẹ́ igi máńgòrò dára ju ojú oòrùn lọ, bí ẹ bá lè fara da oje rẹ̀, ìgbẹ́ ẹyẹ, àti èso tó ń já lulẹ̀ lóṣù kẹrin. Aṣọ ìbomọ́tò dára bí mọ́tò bá mọ́; bí ẹ bá fi bo eruku ọyẹ́ mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ á máa fi aṣọ náà ha ọ̀dà yín. Páànù mẹ́fà lórí òpó mẹ́rin ló ju gbogbo wọn lọ. Ẹni tó jẹ́ ayálégbé, kó bẹ onílé.

* * *

Àbúrò mi tó béèrè ti padà wá: ó ní òun da omi sí i, bọ́ńpà méjèèjì dúdú, ó sì tún funfun bó ṣe gbẹ. Ilà ara ilẹ̀kùn kúrò pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Ike ìsàlẹ̀ wáípà ń já bí bisikíìtì bí òun bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ó dáa. Ní ti bọ́ńpà, aró ni kí o wá, má ṣe wá òróró. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún ike mọ́tò, irú Solution Finish, tó ń fi dúdú tuntun sójú ike tí kì í sì í lẹ̀. Tí o bá rí i rà tàbí tí ẹnì kan lè bá ọ mú un bọ̀ láti Èkó, ẹ̀kán díẹ̀díẹ̀ ni wàá máa lò. Fọ gbogbo ọ́ìlì kúrò ná. Bóyá wàá fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú Omo àti búrọ́ọ̀ṣì, títí fóòmù náà kò fi ní yọ àwọ̀ ilẹ̀ mọ́. Jẹ́ kó gbẹ láti alẹ́ dé àárọ̀. Fi sípíríìtì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn nù ún, kí o má jẹ́ kó pẹ́ lára ọ̀dà. Lẹ téèpù mọ́ etí ọ̀dà, wọ ìbọ̀wọ́, wá ibòji, má ṣe é nígbà tí ike bá gbóná. Bẹ̀rẹ̀ láti kọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò ní rí. Lẹ́yìn náà ni kí o máa fi ohun tó ní ìdènà UV pa á, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 303, ní oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀. Bí ike rẹ bá ṣì dúdú ni èyí ì bá ti wúlò jù; ẹ̀yin tí tiyín ò tíì funfun, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ike wáípà yẹn ti kú, kò sí aró tó máa jí i. Ra òmíràn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù. Mú àkísà funfun kan àti ìgò sípíríìtì kékeré dání lọ, kí o fi nu igun rẹ̀ kan kí o tó sanwó, nítorí àwọn náà mọ ọ́ìlì í pa.